Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fi í ṣe: lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi fáìlì ránṣẹ́

Sí ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń lo Syncthing, LocalSend, rsync, FileZilla àti àwọn ẹbí wọn, àwọn ètò tí à ń fi gbé fáìlì láti orí ẹ̀rọ kan dé orí òmíràn, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kútọnu, ní Peckham àti níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ kú ìdúró de fáìlì tó dé 99 nínú 100 tó wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ lánàá, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín wà nínú lẹ́tà yìí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tẹ ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú ní àdúgbò wa. Bàbá á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ibi tí a ti ń dúnàádúrà lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní kọ̀rọ̀ ti dédé ta jí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ìwé jáde, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá, ta ló ń tẹ̀wé?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi tó wà n'Ílọrin ni."

Òótọ́ ni. Lọ́hùn-ún ni ọmọ náà ti ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Tó bá ti parí ọ̀kan, á sọ ọ́ sínú fódà kan, Syncthing á gbé e wá sí Ìbàdàn, ètò kékeré kan tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ á rí i pé nǹkan tuntun ti wọlé, á sì tì í sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bàbá ò mọ ohun tó ń jẹ́ Syncthing. "Páìpù" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, "Páìpù ti gbé iṣẹ́ dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi Syncthing jẹun. Kò sí bọ́tìnì tí mi ò tíì tẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ pé èèyàn lè fi la ọ̀nà fún iṣẹ́ láti Ìlọrin wọ inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé n'Ìbàdàn láìsí ẹni tó dìde lórí àga, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo bi bàbá pé ta ni wọ́n ti sọ fún. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo wá bi yín ni.

Àwa tí à ń fi fáìlì ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n apá kan la máa ń sọ. Ẹni tó bá bi wá bí wọ́n ṣe ń fi áàpù sórí fóònù, a ó ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú: tẹ ibí, fọwọ́ sí ọ̀hún, gbà kó wọlé. Ohun tí a gbé áàpù náà wá ṣe gan-an la kì í sọ. Ó jọ pé ojú ń tì wá, tàbí a rò pé gbogbo ayé ló ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò tíì rí ẹni tí bọ́tìnì mú kó fò sókè pé "Háà, èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀!" Páìpù bàbá ló mú mi fò sókè.

Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ kì í bá a dé oko. Ẹni tó ra ọkọ́ ló mọ̀ bóyá ebè ló fi kọ ni o, bóyá kòtò ló fi gbẹ́. Nígbà tí Abhay Bhushan, ọmọ Íńdíà tó ń kàwé ní yunifásítì MIT l'Ámẹ́ríkà, kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí FTP, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1971, kọ̀ǹpútà tó so kọ́ra lágbàáyé ò tó nǹkan, ọwọ́ yunifásítì àti àwọn olùwádìí ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Kò sí bó ṣe máa ro oníṣẹ́ fídíò kan bíi tèmi ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras, tí wọ́n gbé rsync jáde l'Ọsirélíà ní 1996, ló sún mọ́ wa díẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí èsì rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó padà, ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Àfi bí ẹni tó ti gbé Ìbàdàn rí! rsync á gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á fi wẹ́wẹ́ tó wà lọ́dọ̀ yín wé èyí tó wà lọ́hùn-ún, èyí tó bá yàtọ̀ nìkan ló máa rù. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà tó kọ́kọ́ yẹ ilé ìdáná wò, tó rí i pé iyọ̀ nìkan ló tán.

Kí n tó na ọwọ́ gba tiyín, ẹ jẹ́ kí n tú àpò tèmi sílẹ̀.

Fídíò àti fọ́tò ìnáwó ni mò ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, ìwúyè. Kámẹ́rà mẹ́ta la máa ń gbé jáde, ohun tí a sì ń kó bọ̀ lálẹ́ Sátidé máa ń tó 200 GB nígbà míì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ohun tó wà nínú káàdì dé orí háàdì díráìfù méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Láyé àtijọ́, kí n dà á kọ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́bòmíì ni gbogbo ọgbọ́n mi. Iná á lọ ní agogo méjì òru, ínfátà á dákú, ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní mọ fáìlì tó dé àti èyí tó dé ní àbọ̀. Èyí tó dé ní àbọ̀ ló ń dá ẹ̀rù bà mí jù, torí orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ó rí i, ẹ ó rò pé ó pé, ẹ ó pa káàdì rẹ́, ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i lẹ ó tó mọ̀ pé ìyàwó wọlé ṣùgbọ́n kò dé iwájú pẹpẹ.

rsync kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, orúkọ ìnagijẹ ló máa ń fún fáìlì nígbà tó bá ń bọ̀ lọ́nà, bí ọmọ tuntun tí a kì í sọ lórúkọ títí ọjọ́ kẹjọ á fi pé. Ìgbà tó bá dé tán pátá ló ń gba orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, fáìlì tó bá ń jẹ́ orúkọ tó yẹ kó jẹ́ ti dé. Bí iná bá lọ, tó bá padà, àṣẹ kan náà ni mo máa ń tẹ̀, rsync á wo èyí tó ti gúnlẹ̀, á fò ó, á máa bá ìyókù lọ. Kí n tó pa káàdì rẹ́, mo máa ń tún àṣẹ náà pa pẹ̀lú --checksum, kó ka fáìlì méjèèjì látòkè délẹ̀ kó fi wọ́n wéra. Ó máa ń pẹ́ o. Mo máa ń fi àkókò náà jẹun.

Èkejì: òde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò mọ àwọn àǹtí wa. Wọn ò ní dúró di ọjọ́ Mọ́ńdè. "Fi tèmi ránṣẹ́ báyìí, kí n tó yọ gèlè." WhatsApp á fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè kéré, àfi tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí ìwé, èyí tó máa jẹ dátà méjèèjì, tèmi àti ti àǹtí. Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí: mo ra ráútà kékeré kan, mo fi pawabáǹkì gbé e, kò sí síìmù nínú rẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì kankan lórí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò á wọ Wi-Fi náà, èmi á fi LocalSend ránṣẹ́ láti orí láàpútọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń lo iPhone á gbà á, ẹni tó ń lo Android á gbà á. Ẹni tí kò ní LocalSend lórí fóònù, mo máa ń lo ibi tí wọ́n ti ń pín in nípa línkì, á ṣí àdírẹ́ẹ̀sì kan nínú bíráúsà rẹ̀, á sì kó fọ́tò rẹ̀ lọ. Fóònù míì máa ń kùn pé Wi-Fi yìí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á fẹ́ sá padà sórí dátà. Ẹ ní kó dúró síbẹ̀. Kọ́bọ̀ dátà kan ò jáde. Bọ̀dá kan tiẹ̀ bi mí léèrè pé iléeṣẹ́ wo ló ń ta dátà tí kì í tán yìí.

Ẹ̀kẹta ni mo máa ń tijú láti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń bá mi to fídíò pọ̀ wà ní Ìkẹjà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń ka bit, fáìlì tiwa ń ka byte, bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan. Tí agbára ìfiránṣẹ́ mi bá jẹ́ megabit méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iṣẹ́ 30 GB á gba wákàtí 33, ìyẹn tí kò bá já rárá. Báwo ni 200 GB á ti wá ṣe dé? Mo máa ń gbé háàdì díráìfù lọ sí gáréèjì, mo máa ń fún dẹ́rẹ́bà, ó di wébíìlì. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti dé Èkó. Tó bá jẹ́ 500 GB ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ dánfó yẹn ń sáré tó bíi megabit 370 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi wá íntánẹ́ẹ̀tì tó tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín.

Mo ṣíwọ́ ìtìjú lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ìtàn ẹyẹlé Winston. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, iléeṣẹ́ kan ní Gúúsù Áfíríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ti sú wọn so káàdì 4 GB mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé, wọ́n ní kó bá íntánẹ́ẹ̀tì sáré. Nígbà tí ẹyẹlé fi balẹ̀, tí wọ́n sì da ohun tó gbé wá sórí kọ̀ǹpútà tán, ó gbà á tó wákàtí méjì, íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì ru ju ìdá 4 nínú 100 lọ. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi gbọ́ ọ n'Ìbàdàn. Tèmi kì í kàn fi díráìfù ránṣẹ́ lásán o. Mo máa ń fi VeraCrypt tì í pa, kí ẹni tó bá jí i gbé lọ́nà má baà máa wo ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni. Tó bá sì dé Ìkẹjà, rsync ni wọ́n tún fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kan láàárín, torí mo ti rí àwọn tó ju fíláàsì tó dáa dà nù nítorí rẹ̀. Tí fíláàsì yín bá gba fáìlì kékeré púpọ̀ ṣùgbọ́n tó kọ fídíò kan ṣoṣo tó lé ní 4 GB, bẹ́ẹ̀ àyè ṣì wà lórí rẹ̀, kò bàjẹ́. FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to àyè orí díráìfù, ni wọ́n fi tò ó, FAT32 ò sì lè gbé fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, ẹ tún un tò ní exFAT.

Ẹ̀kẹrin ni ìdí tó fi dá mi lójú pé àwa gan-an ló yẹ ká máa sọ̀rọ̀, a ò gbọdọ̀ máa retí pé ẹnì kan ní Sweden tàbí Jámánì á bá wa sọ ọ́. Èdè Yorùbá ni mo fi ń sọ fódà mi lórúkọ. Mo ní fódà kan tó ń jẹ́ "Ọjọ́ Ìbí". Lọ́jọ́ kan mo ṣí díráìfù, mo bá méjì. "Ọjọ́ Ìbí", "Ọjọ́ Ìbí". Ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lójú èmi àti ẹ̀yin. Mo pa ọ̀kan rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá bí àbíkú.

Mo wádìí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́tà "ọ́" tí a ń wò bí ohun kan, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Ó lè mú "ọ" tó ti ní àmì nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wá gbé ohùn lé e lórí. Ó sì lè tú u sí mẹ́ta: "o" lásán, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Mac ayé àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀ ni. Windows àti Linux, tí òun náà ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, á kàn gbà á bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́. Lójú Linux, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ará Vietnam tí àwọn náà ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ṣe orí ire: "ệ" tiwọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró nínú Unicode, ìwé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè. "ẹ́" àti "ọ́" tiwa ò ní irú rẹ̀, kò sígbà tí kì í jẹ́ ohun tí a tò pọ̀.

Oògùn rẹ̀ wà. Nínú rsync, tí ẹ bá ń kó nǹkan láti orí Mac lọ sórí Linux, ẹ fi --iconv=utf-8-mac,utf-8 kún àṣẹ yín, á bá yín tún orúkọ náà tò bó ṣe ń lọ. Ẹ ṣọ́ra, rsync tó máa ń bá Mac wá tẹ́lẹ̀ ti gbó, ẹ̀dà 2.6.9 ni, kò mọ --iconv. Ẹ wá ẹ̀dà 3 sórí rẹ̀. Syncthing ní tiẹ̀ máa ń ṣàtúnṣe náà fúnra rẹ̀, autoNormalize lórúkọ ibi tó wà nínú ètò fódà, ẹ má pa á. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ó dá mi lójú pé olùkọ́ Yorùbá kan wà níbì kan, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ohùn àwọn àgbà, tó ti bá a jà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó ti sọ ni, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ì bá ṣẹ́ kù fún mi. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà ò sọ tèmi títí di òní.

Wọ́n á ní ohun tó ń dun onílé ni onílé ń sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Mo ti rò nígbà kan pé ohun tó bá ti wà nínú Syncthing ti wà ní ìpamọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan rí i pé àyè ń tán lórí láàpútọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó pa fódà kan rẹ́. Kí n tó délé, fódà náà ti kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé náà. Syncthing ò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán an ló jẹ́: kí ibi méjèèjì rí bákan náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tíì pa káàdì kámẹ́rà rẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo ti tan ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹnì kan bá pa rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù á ṣì wà nínú fódà ìkọ̀kọ̀ nílé, mo sì fi háàdì díráìfù kan sílẹ̀ tí Syncthing ò dé ibẹ̀ rárá. Ọmọ iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tuntun, ó sì máa ń sọ ọ́ jù mí lọ.

Irú èyí ni mò ń bẹ yín pé kí ẹ má fi pamọ́. Ìtàn ibi tí ó ti dára dùn ún gbọ́, ibi tí ó ti dà rú ló ń gba ẹlòmíì là.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ọwọ́ lawo, ẹni tó bá tú u síta ti ta oúnjẹ rẹ̀. Mo gbọ́. Àmọ́ awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, nínú òwe yẹn, ìgbọ̀nwọ́ ni mo rí, mi ò rí pípa ẹnu mọ́. Bàbá onítẹ̀wé tó sọ ti páìpù fún mi, oníbàárà wọn kan kò ti ìdí ẹ̀ kúrò. Èmi gan-an ni mo tún lọ mú àwọn ìwé ètò ìsìnkú mẹ́rin wá bá wọn. Mi ò ní kí ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà o. Mi ò ní kí ẹ sọ ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún yín.

Àwọn míì á ní ohun tí àwọn ń ṣe ò tó ohun tí èèyàn ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí dátà íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì dé orí fóònù ní Kúbà, ìyẹn ṣáájú oṣù kejìlá 2018, áàpù kan tó ń jẹ́ Zapya ni àwọn èèyàn fi ń gbé orin, fídíò àti àwòrán láti fóònù dé fóònù, láìsí kọ́bọ̀ dátà. Àwọn tó ṣe Zapya ò torí Kúbà ṣe é. El Paquete sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹrù bíi terabyte kan tí wọ́n ń kó sórí háàdì díráìfù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Láàárín àwọn ọmọ Lùkùmí tó ń sin òrìṣà wa lọ́hùn-ún, mo máa ń ro iye orin bàtá tó á ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ṣe é, ó fi han aládùúgbò rẹ̀.

Ilé wa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bá wa, bàjẹ́ nítòsí Àbíjáǹ, tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa ò lè ṣiṣẹ́, LocalSend ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, torí kò bá íntánẹ́ẹ̀tì dá nǹkan pọ̀. Mo fẹ́ mọ ẹni tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ gbà là lọ́jọ́ náà, ní ilé ìwòsàn, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé iṣẹ́ rédíò.

Mo fẹ́ gbọ́ látẹnu ààfáà tó ń pín ohùn wàásù oṣù Ramadan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹni tó ń darí akọrin, tó ń fi ohùn alto ránṣẹ́ sí àwọn alto, ti tenor sí àwọn tenor. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fún ogójì ọmọ ní ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ láìsí dátà, fóònù wo lẹ fi ń ṣe é, ṣé ogójì ọmọ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà? Télọ̀ tó ń gba sítáì láti Houston. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham, tí fọ́tò ìyá rẹ̀ ń ti orí fóònù ìyá n'Íjẹ̀bú dé orí kọ̀ǹpútà òun láìjẹ́ pé ìyá tẹ nǹkan kan, mo mọ̀ pé ẹ ò jẹ́ ẹnì kan péré.

Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ sọ ìṣòro tí ẹ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹlòmíì á ti dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹ sọ irú fóònù, irú kọ̀ǹpútà, bí fáìlì ṣe tóbi tó, bí iná ṣe rí ládùúgbò yín. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ sórí fóònù tó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ kó sọ ọ́, kó sọ ọ́ lédè Yorùbá, kí àwọn bàbá onítẹ̀wé náà lè bá wa dá sí i. Ìgbà tí ẹ bá ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín fún wa, ẹ bo orúkọ oníbàárà, ẹ bo ojú òkú, ẹ bo páswọ́ọ̀dù. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ páswọ́ọ̀dù, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo FTP lásán nínú FileZilla, bí ẹ ṣe ń tẹ páswọ́ọ̀dù yín ló ń rìn lọ ní ìhòòhò, ẹni tó bá jókòó sórí Wi-Fi kan náà lè kà á. Irú olè bẹ́ẹ̀ ló mú kí Tatu Ylönen kọ SSH, ọ̀nà ìsopọ̀ tó ń bo ohun tó ń gbà á kọjá, ní 1995, nígbà tí wọ́n jí páswọ́ọ̀dù ní yunifásítì rẹ̀ ní Finland. SFTP, tó ń gba orí SSH kọjá, wà nínú FileZilla kan náà. Ibi tí ẹ ti ń yan irú ìsopọ̀ ló wà.

Ó ku ìbéèrè tèmi, ẹ má jẹ́ kí n jẹ ẹ́ mọ́ ẹnu. Àwọn tó ń ṣe Syncthing dáwọ́ áàpù Android tiwọn dúró ní oṣù kejìlá 2024, nítorí náà Syncthing-Fork, ẹ̀dà rẹ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń tọ́jú, ni mo fi sórí fóònù àwọn oníkámẹ́rà mi méjì, pé kí fọ́tò tí wọ́n bá fi fóònù yà máa wọlé sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀kan, ó ń lọ geerege. Lórí èkejì, tí ojú fóònù bá ti ṣókùnkùn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù á pa á. Mo ti ní kó má fi bátìrì há a mọ́. Mo ti fún un láyè kó máa tan ara rẹ̀ nígbà tí fóònù bá ń tàn. Mo ti tì í mọ́ àwọn áàpù tí kò gbọdọ̀ pa. Títí di alẹ́ àná, pípa ló ń pa á. Ẹni tó bá ti borí irú fóònù bẹ́ẹ̀, kí lẹ ṣe?

Èmi ni,
oníṣẹ́ fídíò kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.